Ẹnu Mi Ló Lé Ọkọ Mi Kúrò Lórí Pápá

Bí ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Mowe, tí ẹ rí ọkọ mi tó jókòó láti àárọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́, ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣe é. Èmi ni kí ẹ bi. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Agbábọ́ọ̀lù ni ọkọ mi. Àárín pápá ló ń gbá, òun ló ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ àwọn alátakò, tí yóò sì gbé e fún ẹni tó máa gbá a sáwọ̀n. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ìdíje tí kóòṣì rẹ̀ kì í fi í sí. Ṣùgbọ́n ní Ibafo tí mo ti ń ṣerun, ta ló mọ̀ ọ́n? Ìyàwó ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn wà lára àwọn kọ́sítọ́mà mi. Tó bá ti wọlé báyìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa kí i kú oríire. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan kọjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọkọ tiyín náà ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù? A ò gbọ́ orúkọ wọn rárá o. Àbí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìbínú délé. Mo ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ̀yin lẹ ń sebẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n ń kí. Ẹ máa gbá a sáwọ̀n fúnra yín." Ó ní, "Ìyá Tọ́lá, iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn." Ṣé mo gbọ́? Mo sọ ọ́ lórí oúnjẹ, mo sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Àwọn àgbà ní àìpa ẹnu mọ́, àìpa ètè mọ́, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi ni tèmi bá.

Ọjọ́ ìdíje tó kẹ́yìn, góòlù kan péré ni wọn ìbá fi bọ́ lọ́wọ́ jíjá sí ìpele ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbá a sáwọ̀n fún wọn dá dúró níwájú àwọ̀n, ó na ọwọ́ sókè. Ọkọ mi kò wò ó, ó gbá a fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá lókè. Wọ́n já. Nígbà tí kóòṣì bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Kò dárúkọ mi. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹgbẹ́ kan fẹ́ gbà á báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ bi kóòṣì yẹn, ẹni tó ti ń pè é ní anìkànjọpọ́n káàkiri. Mo ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún un. Ọkọ mi ní, "Tó o bá débẹ̀, wọ́n á ní ìyàwó ló ń darí mi lórí pápá. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ náà lè bọ́. Bí mo bá sì lọ, ẹnu kan náà ni màá tún fi dójú tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún kóòṣì ni, àbí kí n tiẹ̀ gbọ́ ti ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí?