Àpò Lẹ́tà Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá síbi ìwádìí yìí. Ọ̀gá wa ní kí n kọ́ yín bí a ṣe ń tọ́jú àpò lẹ́tà. Màá kọ́ yín, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ bí èmi Judith ṣe ba méjì nínú wọn jẹ́, tí mo sì pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fẹjọ́ mi sùn, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹjọ́ náà má baà ku síbì kan.

Adéríbigbé, ọkọ Dora ẹ̀gbọ́n mi, ń fún epo ní Ìlútítun. Ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un lẹ́sẹ̀, ó da epo gbígbóná sí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kó tó tó ọjọ́ márùn-ún, àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Dora gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa, áísíyù, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tó fi ẹsẹ̀ kan wà láyé, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan wà lọ́run. Ó dì mọ́ mi, ó ní òun ò mọ ẹlòmíràn níbí. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbé apẹja kan dé, Àríyọ̀ lorúkọ rẹ̀, àìsàn kan náà, ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn dókítà nígbà náà, kò sì tíì tán dòní. Bí àkóràn bá fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ èèyàn wálẹ̀, ṣé kí a fa omi dírípù púpọ̀ sí i lára ni, àbí kí a fún un ní díẹ̀, kí a sì tètè fi oògùn gbé ìfúnpá rẹ̀ sókè? Torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀, a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí: a kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sínú àpò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a pò wọ́n pọ̀, a lẹ̀ wọ́n pa. Bí aláìsàn bá ṣe ń dé la ó máa kọ orúkọ wọn, ká tó ya àpò tó kàn wọ́n. A ò gbọ́dọ̀ yàn fún ẹnikẹ́ni. Dora fọwọ́ síwèé, ìyàwó Àríyọ̀ náà fọwọ́ sí i.

Mo gbé àpò tó kan Adéríbigbé dojú kọ oòrùn ní wíńdò. Omi díẹ̀ ni mo kà nínú rẹ̀. Inú bí mi. Láti Igbotako dé Ìkọ̀yà, ẹni tí a ò bá fa dírípù sí lára, àwọn èèyàn wa á ní a ò tọ́jú rẹ̀. Ṣé kí n wá fi omi du ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni? Mo wo èyí tó tẹ̀ lé e: omi púpọ̀. Mo bá kọ orúkọ Àríyọ̀ ṣáájú, kí èyí kejì lè kan ọkọ Dora, mo sì yí aago tí wọ́n dé padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ta ni nínú yín tí ò wá ẹni mọ ẹni kó tó dé ibí? Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ẹni tèmi.

Omi ń wọlé, Dora ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ojú àti ẹsẹ̀ Adéríbigbé wú. Lọ́jọ́ kẹta, omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Dora bi mí bóyá wọ́n ṣì ń fún un lómi, mo ní wọ́n ń fún un. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àríyọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo kórìíra rẹ̀ bí ẹni pé òun ló pa á.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Dókítà Òkìkíolúwa, tó ń darí ìwádìí yìí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi jù, pé Adéríbigbé lè kú náà ká ní omi díẹ̀ la fún un. Mo ní kó fi ìtùnú yẹn pamọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní kó yọ orúkọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìwádìí, kó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi.

Lánàá, mo lọ bá Dora. Fún ọdún mẹ́fà ló ti ń dúpẹ́ nítorí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé mo jà fún ọkọ òun. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, torí yín ni. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ di opó."

Ó wá ní, "Judith, nígbà tóo gbé èyí tóo rò pé kò dáa fún apẹja yẹn, ta lo fẹ́ kó di opó dípò mi?"

Kò dárí jì mí, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé ẹni yín dé lọ́jọ́ kan, tí ọwọ́ yín sì fẹ́ gbé àpò dojú kọ oòrùn, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojú ìyàwó ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.