Ta Ni Yóò Wẹ̀ Mí Lórí Òkè Yẹn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa bí ẹní, tí kò gbowó kí a tó rìn lórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa, ẹni tí ó fi ìlú tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, tí Ọlọ́run sì fi àwọn ará Mọ̀dínà ṣe ẹbí fún un.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́yìn bí ẹni pé wàásí ò kàn yín, ilé ni wọ́n ní kí á wá ṣí lónìí. Onílé, ẹ kú oríire. Ilé yín dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mo gbé wá. Àwọn Lárúbáwá ní kí èèyàn wo aládùúgbò kí ó tó wo ilé. Ọlọ́run sì pàṣẹ nínú Súrà Nísáì pé kí á ṣe dáadáa sí aládùúgbò tó súnmọ́ wa àti èyí tó jìnnà. Dandan ni o, kì í ṣe àṣegbọrẹ.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí kò tóbi. Ẹni tó bá kúrò ní Ìwó lẹ́yìn ìrun àsùbáá, bí ọ̀nà bá dára, yóò ti dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe kéré tó yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ ò jọra. Ọ̀dàn ni tiwa níbí, oòrùn ń lu wá lórí. Apá Ifẹ̀, igbó àti kòkó. Ìjẹ̀ṣà, òkè lẹ́yìn òkè, òtútù sì wà níbẹ̀ nígbà òjò.

Ọmọ àdúgbò wa kan wà tó ń jẹ́ Alàájì Bùsàírì. Òkè Ọya ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá rẹ̀, Màmá Nímọ́ta, òun ló ń wẹ àwọn obìnrin tó bá kú ládùúgbò wa. Ẹ̀yin àgbà ibí, ta ni nínú yín tí kì í ṣe Màmá ló wẹ ìyá rẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Kò fi omi tútù wẹ òkú rí. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn òtútù, ó sì ti bá Ìyá Sínótù, ọmọṣẹ́ rẹ̀, ṣàdéhùn: "Ìwọ ni o máa wẹ̀ mí. Jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ burúkú ni Bùsàírì. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gidigidi. Ó ní òun máa kọ́ ilé tí ìyá òun yóò ti jẹ̀gbádùn. Ó wo Ìwó, ó ní ooru ń mú, kànga ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ó wo Òṣogbo, ó ní ariwo. Ó wo apá Ifẹ̀, ó ní ẹ̀fọn. Ó yẹ ilẹ̀ wò, ó yẹ omi wò, ó yẹ atẹ́gùn wò. Ẹ bá mi bi í, ṣé ó yẹ aládùúgbò wò? Orí òkè kan lẹ́yìn Iléṣà ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé kò rí òrùlé ẹnikẹ́ni láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó kọ́ ilé, ó mọ ògiri yí i ká, ó ra ajá. Mi ò bú Ìjẹ̀ṣà o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́.

Ó wá mú ìyá. Màmá ní, "Ọmọ mi, mọ́sálásí wà níbẹ̀?"

"Ó wà nísàlẹ̀, nínú ìlú. Mọ́tò ló máa gbé yín lọ."

"Àwọn obìnrin wo ló wà níbẹ̀? Ta ni yóò wẹ̀ mí lórí òkè yẹn?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ ikú sí ilé tuntun."

Ṣé ẹ gbọ́ èsì? Ìyá béèrè ẹni tí yóò wẹ òun, ọmọ ní kó dákẹ́. Àwa ará àdúgbò náà la tì í lọ. A ní, "Màmá, ọmọ kọ́lé, ẹ ní ẹ ò wọ̀ ọ́, kí layé á wí?" Àṣà wa nìyẹn, ìtìjú ilé tuntun. Màmá ò fẹ́ dójú ti ọmọ rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ òkè náà, Ìyá Dèúnlé, onígàárì ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá àgbà kan dé, ó bu gàárì sínú abọ́, ó gòkè wá kí i. Ajá gbó, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Alàájì kì í gbàlejò. Ó tún wá lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n tún dá a padà. Kí ló tẹ̀lé e? Alàájì ránṣẹ́ sí i pé èéfín ààrò rẹ̀ ń ba ilé òun jẹ́. Jímọ̀ ńkọ́? Alàájì ní orúnkún ń dun òun, ilé ló ti ń kírun.

Nígbà òjò, ìjì kan jà láti òru mọ́jú. Ó wó òpó iná. Ilẹ̀ mọ́, Màmá Nímọ́ta ti jáde láyé.

Bùsàírì pè wá lórí fóònù, ó ń sunkún. Ìyá Sínótù àti àwọn obìnrin àsálátù wọ ọkọ̀, èmi náà wà níbẹ̀. A kọjá Òṣogbo, igi ńlá kan ti wó dábùú ọ̀nà. A jókòó, wọ́n ń gé e. Ìyá Sínótù gbé kẹ́tù ìwẹ̀ àti kàfúrà tí wọ́n ń pò mọ́ omi òkú lé itan.

Bùsàírì sáré lọ bá lèmọ́mù ìlú tó wà nísàlẹ̀. Lèmọ́mù wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, ta ni yín?" Ó ṣàlàyé. Lèmọ́mù ní, "Ibí lẹ ti ń gbé látijọ́ yìí?" Bùsàírì sorí kodò. Lèmọ́mù ò gàn án, ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n òdìkejì odò, lóko, làwọn obìnrin tó ń wẹ òkú nílùú náà wà, odò sì ti kún, wọn ò lè sọdá. Wọ́n dúró títí ìrun alásárì. Lèmọ́mù ní òkú kì í dúró báyìí. Bí kò bá sí obìnrin, kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ da omi sí i lára láti orí aṣọ, kó fi aṣọ di ọwọ́, kó má wo ìhòòhò. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń júwe. Iná ò sí, gáàsì ti tán. Omi ẹ̀rọ tó ti orí àpáta wá, omi tó torí ẹ̀ yan ibẹ̀, ni Bùsàírì dà lé ìyá rẹ̀ lórí.

A dé nígbà tí wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bo sàréè. Ìyá Sínótù ò sunkún. Ó bi Bùsàírì pé, "Omi wo lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

"Omi ẹ̀rọ, mà."

"Ẹ gbé e kaná?"

Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn wa, tí ìyẹ̀fun gàárì ṣì wà lápá rẹ̀, ló sọ̀rọ̀. Ìyá Dèúnlé ni. Ó ní, "Iná ò kú nínú ààrò mi látàárọ̀. Omi gbígbóná wà nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Sínótù jókòó sílẹ̀, tó sì bú sẹ́kún. Bùsàírì dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, a ò lè gbé e dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwẹ̀ náà pé lójú Ọlọ́run, omi tútù kì í bà á jẹ́. Ẹnikẹ́ni má lọ fi ìyẹn ṣe àròyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ gbogbo wa, òun ló gba omi tútù orí àpáta lọ sí ọ̀run, nígbà tí iná ń jó nísàlẹ̀ ògiri ọmọ rẹ̀. Ilé yẹn ṣófo títí dòní. Bùsàírì gba yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ládùúgbò, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó ń dáná lẹ́yìn ilé. Òun ló ń gbé omi kaná.

Onílé, kí ẹ tó sùn nínú ilé yìí lónìí, ẹ lọ kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ kí ẹni tó wà lápá òsì.

Ọlọ́run Allah, fi ọ̀nà hàn wá. Má jẹ̀ẹ́ kí á ń yẹ atẹ́gùn wò kí á gbàgbé èèyàn. Níbi tí O bá ní kí á kú sí, jẹ́ kí ẹni tó mọ orúkọ wa wà nítòsí. Forí jin Màmá Nímọ́ta, kí O sì mú kí ibùsùn rẹ̀ móoru. Àmín.