Ẹtu Ara Ìkòkò

Nínú takisí tó ń gbé wa láti Aké lọ sí Adigbe ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó gbé ìkòkò tuntun lé itan.

"O fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ torí amọ̀," ni ìyá wí.

"Ẹ tiẹ̀ wò ó ná, màámi. Àwọn òkè oko wa ni mo mọ sára rẹ̀. Ẹtu tó ń gun àpáta nìyí."

Ìyá fọwọ́ pa ẹtu náà lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹtu tí bàbá rẹ dọdẹ rẹ̀ títí tí kò rí pa, ọwọ́ rẹ ló wá tẹ̀ ẹ́."

Ó gba ìkòkò náà sórí itan tirẹ̀, kò sì dá a padà títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀.