Èmi Ni Mo Fi Ìwé Onídùúró Ìyàwó Àbúrò Mi Pamọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Inú ń bí mi sí àbúrò mi, ó ń bí mi sí ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ara mi gan-an ni mo ń bínú sí jù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Aránṣọ ni mí ní Mushin. Ìyá wa kú nígbà tí Wàhábì, àbúrò mi kan ṣoṣo, ṣì wà nílé ìwé. Èmi ni mo sanwó ilé ìwé rẹ̀ títí tó fi parí. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, mo ta ọ̀kan nínú mọ́ṣíìnì mi méjèèjì kún owó bàálù rẹ̀. Ó fi Símbì ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní òun á ránṣẹ́ pè é. Símbì ń ṣiṣẹ́ tàípíìsì ní Yaba. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláfojúdi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Lẹ́tà tí Wàhábì ń kọ sí mi, ẹkún ni látòkè délẹ̀. Òtútù ń pa òun. Owó ilé ti wọ́n jù. Kí n ṣe sùúrù. Mo ṣe sùúrù. Lọ́dún tí náírà já wálẹ̀ tí òwú àti bọ́tìnnì di ọ̀wọ́n, mo ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn tí kì í tètè sanwó, mi ò sì yọ Wàhábì lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ mú àpòòwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Orúkọ Símbì ló wà lára rẹ̀. Símbì wà níbi iṣẹ́. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ dè é. Mo fa ẹnu rẹ̀ ya, mo wo inú rẹ̀.

Ìwé onídùúró ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọkọ mú ìyàwó wọlé bí kò bá fọwọ́ sí i pé òun á máa bọ́ ọ, kò ní di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ iye owó tó ń gbà síbẹ̀, àti iye tó ní ní báńkì. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Mo ka iye tó wà ní báńkì lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ní òun ò rówó ra ẹ̀wù òtútù! Ẹni tí mo ta mọ́ṣíìnì fún! Ó ní irú owó yẹn, kò rántí mi, ìyàwó tó fẹ́ lánàá ló ń fọwọ́ síwèé pé òun á máa bọ́. Ta ló fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi rí? Mo ká ìwé náà, mo tì í bọ abẹ́ àwọn aṣọ tí àwọn oníbàárà ò wá gbà. Lẹ́tà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ pa wà nínú àpòòwé náà, ti Símbì ni. Mi ò tiẹ̀ ṣí ìyẹn. Ohun tí mo rí ti tó mi.

Lọ́jọ́ kejì, Símbì bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn ò tíì dé ni?"

"Kò tíì dé o," ni mo wí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ẹ́ńbásì pé. Ó lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n dá a padà. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí n mú ìwé yẹn jáde nígbà yẹn. Mi ò mú un jáde. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Irọ́ kan wá di méjì. Wàhábì kọ̀wé béèrè, mo ní mo ti fún Símbì ní ìwé náà, òun ló ní òun ò lọ mọ́. Mo tún fi kún un pé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kì í gbélé. Lẹ́tà tí Símbì ń kọ sí i, èmi ló ń bá a wá ẹni tó máa mú un lọ. Mi ò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ń kọ sí i, ṣọ́ọ̀bù mi ló ń dé sí, mi ò fún un. Mo sọ fún Símbì pé mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti ní ẹlòmíì níbẹ̀. Ó sunkún títí, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé léèsì funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ní kí àáfà tú ìgbéyàwó àtijọ́ ká. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe nítòsí Costain. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Àǹtí, mi ò lè gbé aṣọ yìí fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣẹ̀sín nílé ọkọ. Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Bọ̀dá Wàhábì, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò bínú mọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo wá lẹ́tà kékeré yẹn kàn, mo ṣí i, mo kà á. Owó báńkì yẹn kì í ṣe ti Wàhábì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló dá a jọ, kí ẹ́ńbásì lè rí nǹkan kà, òun á sì dá a padà fún wọn. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Má jẹ́ kí Àǹtí rí iye yẹn o. Wọ́n á rò pé mo lówó tí mi ò fún wọn."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa lẹ́tà náà ya. Ó mọ̀ mí tó báyẹn, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé àpòòwé náà lé mi lọ́wọ́! Ẹ̀yìn náà ni mo rántí pé orúkọ Símbì ló kọ sí i lára, kì í ṣe tèmi.

Wàhábì ò tíì fẹ́ ẹlòmíì. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tó dé kẹ́yìn, ó béèrè bóyá Símbì ti lọ́kọ. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí mo bá jẹ́wọ́, mi ò ní àbúrò mọ́, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi náà ni mo máa rán aṣọ tí wọ́n fi máa fà á fún ẹlòmíì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà. Ìparí oṣù yìí ni Símbì ń bọ̀ wá dán aṣọ náà wò. Nígbà tó bá dúró síwájú mi, tí mo ń fi abẹ́rẹ́ mú aṣọ náà mọ́ ọn lára, tó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?