Jíìpù Tí Mo Ní Kò Gbiná

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti darúgbó. Ìyàwó mi ti kú. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ náà kú lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ fẹ́ pè mí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ayé. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò lè gba ọpẹ́ náà, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́.

Awakọ̀ ni mí. Nígbà tí owó epo dé, tí wọ́n ń la títì káàkiri Èkó, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe títì. Yàrá kan ni èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Gbénga, háyà ní Ìsọlọ̀. Jíìpù ni wọ́n fún mi wà, mo sì máa ń gbé e wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìhà ibẹ̀ nígbà náà, ẹ mọ omi òjò ibẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò kékeré tó wà láàárín àdúgbò wa àti ọ̀nà Òṣòdì á kún, á bo títì mọ́lẹ̀. Takisí á dúró lápá ọ̀hún. Èmi nìkan ni mo máa ń kọjá.

Búròdá Múfú tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi wọ omi náà, kí n mọ bó ṣe jìn tó àti bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le. Ó ní kí n tú bẹ́líìtì fáànù, kó má baà máa fọ́n omi sórí ẹ́ńjìnnì, kí n fi gírísì bo ẹnu àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì. Kí n ki jíà kìíní, kí n tẹná jẹ́jẹ́, kí n má sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná títí màá fi gòkè. Ó máa ń sọ pé, "Omi kì í pa mọ́tò. Ìwàǹwára awakọ̀ ló ń pa á." Tí mo bá gòkè tán, màá tẹ bíréèkì léraléra kó lè gbẹ, màá sì yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò bóyá ọ́ìlì ti funfun, torí ìyẹn ni àmì pé omi ti wọ ẹ́ńjìnnì. Kò funfun lọ́wọ́ mi rí.

Tíṣà kan ló ń gbé yàrá tó kàn wá, ará Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bùnmi, àti ìyàwó mi dà bí ọmọ ìyá. Bí ìyàwó mi bá lọ sọ́jà Aswani, Ìyá Bùnmi ló máa ń bá a mú Gbénga dání. Gbénga ṣì ń mu ọmú nígbà náà. Ìyá Bùnmi sì wà nínú oyún, oyún náà ti tó bí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì mọ́tò awakọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa mu omi. Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi mọ́tò wọ omi láìjẹ́ pé òun rán an, kó má padà wá mọ́. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí awakọ̀. Ọ̀gá yìí kan náà ló tún ní kí n bá òun kó páálí bíà gba inú omi kọjá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo kó o. Ìgò kan kò fọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo kó bíà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Òjò ń rọ̀, a ò ṣiṣẹ́, mo wà nílé. Tíṣà sáré wọlé bá mi láìwọ bàtà.

"Bàbá Gbénga, ẹ gbà mí o! Láti àárọ̀ ló ti ń rọbí, ọmọ kò wá. Ìyá agbẹ̀bí ní agbára òun kò ká a mọ́, ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣáná sí mọ́tò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Nígbà tí mo fi dìde, ó wà lọ́kàn mi láti gbé obìnrin náà. Àárín yàrá mi àti ibi tí jíìpù wà ni ọkàn mi ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wá sí mi létí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí Tíṣà tó jáde bá mi. Mo fa wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé iná lọ fún gbogbo púlọ́ọ̀gì yọ. Mo fi sí àpò ṣòkòtò mi.

Mo wọ inú mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Mo tún yí i. Tíṣà ń wò mí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń nu èyí, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí tọ̀hún. Ọkùnrin yẹn mú agbòòrùn, ó nà án sí mi lórí. Òjò ń pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nà án sí èmi lórí kí omi má baà kán sí iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Omi ti wọ ẹ́ńjìnnì."

Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ti gbìyànjú."

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n tẹ́ ẹní sí i, wọ́n gbé Ìyá Bùnmi lé e. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Èmi wà nínú wọn. Mo gbé apá ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà náà ń gún mi nítan.

Nígbà tí a wọ inú omi, mo mọ ohun tí mo ṣe. Omi náà kò ju itan lọ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le. Jíìpù yẹn ì bá kọjá, kò ní í dúró rárá. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo lè ní kí wọ́n dúró, kí n sáré padà. Ojú tì mí, mi ò sọ ọ́. Ìyá Bùnmi di etí ilẹ̀kùn mú, ó ń pe orúkọ ìyàwó mi.

A pẹ́ lápá ọ̀hún kí a tó rí takisí. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó bí ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù. Kò rí ọmọ náà kó tó kú. Nọ́ọ̀sì sọ fún Tíṣà pé ká ní wọ́n tètè dé ni, ì bá yè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi mú ṣòkòtò mi láti fọ̀ ọ́. Ó mú wáyà náà jáde.

"Bàbá Gbénga, kí ni èyí ń ṣe nínú àpò yín?"

Ó wò mí títí, ó sì yé e. Ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde síta lọ sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà wálé, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó nawọ́ gbà á, ó fún un lọ́mú. Ọmọ náà àti Gbénga ni wọ́n jọ mu ọmú yẹn. Olúrántí ni Tíṣà sọ ọ́. Rántí ni gbogbo wa ń pè é.

Wọ́n fi mí ṣe olórí awakọ̀ lóòótọ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń gba inú omi kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ nígbà yẹn. Ká ní ọ̀gá lé mi ni, ǹ bá rí òmíràn láàárín oṣù kan.

Tíṣà kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà bá dé, á ní, "Bàbá Gbénga ló dúró nínú òjò fún mi. Mọ́tò ni kò gbọ́." Bó ṣe sọ ọ́ fún Bùnmi àti Rántí nìyẹn láti kékeré. Ìyàwó mi kì í dá sí i. Nígbà tó ń ṣàìsàn tó mú un lọ, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ti sọ fún ọmọ yẹn?" Mo ní màá sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú Tíṣà, Rántí wá kí mi. Òun náà ti di bàbá ọmọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, dádì mi ní ẹ̀yin ni kí a máa wò bíi bàbá. Ní ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ sọ ohun tí ẹ ṣe fún ìyá mi." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un.

Àwọn kan lè ní kí n mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè, pé kí n má ba ọkàn Rántí jẹ́. Ó ti pàdánù ìyá kó tó mọ̀ ọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá. Bí mo bá sọ ọ́, mo gba èmi tó ń wò bíi bàbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo jẹ́ kó dúró níwájú Ọlọ́run kó parọ́ láìmọ̀, nítorí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi láre. Ẹ kàn gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ká ní ẹ̀yin ni Rántí, ṣé ẹ ó fẹ́ kí n sọ fún yín?