Bàtà Sójà Tó Wà Nílé Àbúrò Mi

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró nínú mi kọjá oṣù yìí. Bí mo bá dákẹ́ títí oṣù fi parí, iṣẹ́ tó tọ́ sí ọkùnrin kan ní Rore yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, èmi ni mo sì fà á. Orúkọ mi ni Rúùtù. Ìyá Tèmítọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Òmù-Àrán. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo fi wọ ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi dé ìdí fáìlì. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo ti ń kọ èyí, ojú mi ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe dá mi lójú, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ jù mí lọ.

Rìgísítà kan wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ní agbègbè wa ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà ọ́fíìsì wa ni pé bí iṣẹ́ bá ṣí, ìbáà ṣe ti ẹ̀ṣọ́, ti awakọ̀ tàbí ti ìránṣẹ́, sójà ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo ẹlòmíràn, torí wọ́n ti fi ara wọn jìn fún ìlú. Ẹni tó bá rí iṣẹ́, màá kọ "Ó ti wọlé" síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a bá sì ti kọ ìyẹn sí, a kì í pè é mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá Sódìq wá láti Rore. Àfísù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti jagun ní Borno, ìka méjì sì ti lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó kó ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí eku jẹ ìwé mi o." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni eku náà. Ní oṣù yẹn kan náà, àbúrò mi Lawrence wà nílé láìníṣẹ́, tòun tìyàwó. Kí ìyá wa tó kú, ó fa Lawrence lé mi lọ́wọ́. Mo sọ fún Lawrence pé iṣẹ́ kan ṣí, ṣùgbọ́n sójà ni wọ́n ń gbà. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, ta ló mọ sójà lójú? Ìwé ni wọ́n mọ̀." Mo gbà fún un. Mo yọ fọ́tò Bàbá Sódìq kúrò lára ìwé rẹ̀, mo lẹ ti Lawrence mọ́ ọn.

Kò pẹ́, lẹ́tà dé láti Ìlọrin pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ àwọn sójà wò ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Kí oníkálukú yan bíi sójà níwájú wọn, kí ó dúró, kí ó sì kí ọ̀gá bí sójà ti ń kí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà. Bí a bá ní kí Lawrence yan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bíi ti adìẹ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ta ló lè kọ́ ọ? Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo gun ọ̀kadà, mo gba Rore lọ, mo bá Bàbá Sódìq nílé, mo ní àwọn ọkùnrin ìjọ wa fẹ́ yan níbi ìdúpẹ́ ìkórè, àbúrò mi ni yóò ṣíwájú wọn, a kò sì rí ẹni kọ́ ọ. Ó ní ṣé torí èyí nìkan ni mo ṣe wá, kí àbúrò mi máa bọ̀ lọ́la. Hussainat, ìyàwó rẹ̀, ní inú òun dùn, torí ewúrẹ́ ilé nìkan ló kù tí ọkọ òun ń pàṣẹ fún. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá Sódìq fi kọ́ Lawrence ní pápá ilé ìwé ní Rore, lẹ́yìn tó bá ti oko dé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Á ní, "Gbé àyà sókè, ṣé iyán ló dì ọ́ mọ́lẹ̀ ni?" Ó ní ẹni tí kò mọ bí a ti ń dúró kò tíì mọ bí a ti ń rìn. Bí wọ́n bá ń sinmi lábẹ́ igi máńgòrò, ó máa ń sọ ìtàn ogun. Ó sọ ti Aminullah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó bu omi ìgò rẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù pa á. Ó ní ìdérí ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó ní Hussainat pàápàá kò gbọ́ ìtàn náà rí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Lawrence, ó mi orí, ó lọ sílé, ó gbé bàtà sójà tirẹ̀ wá. Ó ti kùn ún, ó ń dán. Ó ní kí a dá a padà bí ìjọ bá ti ṣe tán.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, Lawrence fi àkísà dí iwájú bàtà náà torí ó tóbi jù ú, ó sì yan. Ó yan dáadáa. Ìwé ní ìka mẹ́jọ ló ní, mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó kà á. Ọ̀gá tó ṣáájú wọn ní kí ó sọ nǹkan kan nípa ogun tó jà. Mo rò pé àṣírí tú nìyẹn. Lawrence la ẹnu, ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan, Aminullah. Ó sọ ti omi, ó sọ ti ìgò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, n kò mọ ibi tó ti rí i. Ọ̀gá náà ṣí fìlà. Mo dì mọ́ rìgísítà, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ nìkan kọ́ la jí. A ti jí òkú ọ̀rẹ́ Bàbá Sódìq mọ́ ọn. Síbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́: Àfísù, Rore, ó ti wọlé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Lawrence ní Àfísù níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó máa ń bá wọn lọ sí mọ́sálásí kí wọ́n má baà fura, lọ́jọ́ Àìkú ó máa ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Alfa Sójà ni ìnagijẹ rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín in rí. Èyí tó burú jù kò sí nínú ìyẹn. Ìgbà mọ́kànlá ni Bàbá Sódìq wá bèèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tó bá wá, mo ń ṣí rìgísítà, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà orúkọ rẹ̀, mo ń sọ pé kò tíì jáde. Gbogbo ìgbà náà ló ń dáhùn pé, "Kò burú, Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbìyànjú fún mi." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bèèrè bàtà rẹ̀. Mo ní ìjọ ṣì ń lò ó. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé iṣu wá fi dúpẹ́ ìgbìyànjú mi. Mo gún un. Mo jẹ ẹ́.

Lóṣù yìí, lẹ́tà mìíràn dé. Wọ́n fẹ́ mọ iye sójà tí a ti gbà, orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n wà. Àyè ẹ̀ṣọ́ kan sì ṣí, tí yóò tì bí oṣù bá ti parí. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ orí Bàbá Sódìq kò ní jẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mi, ó ti wọlé. Mo gbé bírò láti kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù náà, ọwọ́ mi kọ̀. N kò lálàá, n kò rí áńgẹ́lì. Ọwọ́ mi ló kọ̀.

Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ ní Rore, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan Aminullah. Hussainat fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Sódìq wá bèèrè pé, "Ti Aminullah yẹn, ṣé bó ti rí ló ṣe sọ ọ́, àbí ó bù mọ́ ọn?" Mo ní bó ti rí ni. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ lọ gbé bàtà mi wá."

Mo ti gbà á lọ́wọ́ Lawrence. Ó sunkún, ó ní mo ti pa òun. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo ti pa ara mi mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó nídìí fáìlì, bí ẹnìkan bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ bẹ̀rù ọpẹ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, n kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má mú mi. Ẹ kọ́kọ́ gba Bàbá Sódìq wọlé, kí ẹ tó wá mú mi. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sórí irọ́ tí mo kọ, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ti yọ àkísà kúrò nínú bàtà náà, mo ti kùn ún. Láàárọ̀ ọ̀la, Bàbá Sódìq yóò wọ̀ ọ́ wá sí ọ́fíìsì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ Àfísù, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ka ìka ọwọ́ rẹ̀.