Iṣẹ́ Tí Ràímì Jẹ́ fún Mi Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, irun mi sì ti ń funfun báyìí. N kì bá tí sọ ọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ba ayé ọmọ mi jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bú mi.

Ìyàwó kejì ni mo jẹ́ fún ọkọ mi, tó ń ta aṣọ ní Atakpamé, ìlú kan ní Togo. Ìyálé mi ò ṣe mí níkà, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ilé kún. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọkọ mi sọ, tó bá fi máa kàn mí, oorun á ti gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n múra, pé a jọ ń lọ ra ọjà ní Lomé, àti pé òun máa fi odidi ọjọ́ kan mú mi rìn kiri ìlú. A wọ rélùwéè. Àwọn Faransé tó ń ṣàkóso wa nígbà náà jókòó níwájú lórí tìmùtìmù, àwa wà lẹ́yìn pẹ̀lú àgò adìẹ. Èéfín wọ̀ mí lójú, ẹ̀yìn ro mí, síbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A sùn sílé ojúlùmọ̀ wa kan ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi wà nílé ìwẹ̀ nígbà tí mo jáde lọ ra ẹ̀kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ràímì, orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Aného, ìlú tí ìyá ọkọ mi ń gbé, ni òun àti ọkọ mi ti jọ dàgbà, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ̀.

"Ìyàwó, Màmá ti dùbúlẹ̀ o," ló wí. "Orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ṣáá. Ọkọ̀ ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀. Mi ò fẹ́ já irú ọ̀rọ̀ yìí lù ú láàárọ̀ kùtù. Ìwọ lo mọ bí wàá ṣe rọra sọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, màá sọ fún wọn." Ó sáré lọ sí Aflao, lẹ́nu ibodè Ghana, lọ ra ọjà tirẹ̀.

Ọkọ mi jáde, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹlẹ́kọ ni.

Mo sọ fún ara mi pé àìsàn arúgbó kì í ṣe tuntun, pé ọkọ̀ ọ̀la kúkú wà. Irọ́ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ mi.

Ó mú mi dé wọ́fù, èbúté etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi irin gbé àwọn èrò sókè láti inú ọkọ̀ ojú omi, nínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni gbé iṣu. A wo ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ilé gogoro méjì láti òdìkejì ọ̀nà. Nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ara wa la rìn.

A ń jẹ ẹja yíyan létí òkun nígbà tí ọkọ̀ ọ̀sán tó ń lọ Aného fọn fèrè. Mo gbọ́ ọ. Ọkọ mi ní kí ló dé tí mo fi ẹja sílẹ̀. Mo ní òòrùn ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi wá túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún wa. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí a tó dé Aného. Ọkọ mi kò rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́.

Àwọn ẹbí ní Ràímì ni àwọn rán sí wa ní Lomé. Ọkọ mi bi Ràímì níwájú gbogbo wọn pé kí ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ràímì ní òun jẹ́ ẹ fún ìyàwó. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní, "Mi ò fojú kàn wọ́n."

Ràímì wò mí títí. Ó wá ní, "Bóyá èmi ni mo gbàgbé. Ẹ dárí jì mí." Kò fẹ́ tú ilé onílé ká lọ́jọ́ òkú. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ò dá a lóhùn bó bá kí i.

Ní báyìí, ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní Lomé ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ọmọ Ràímì sì ni. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó pa iṣẹ́ ìyá òun jẹ kò ní wọ ilé òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràímì fúnra rẹ̀ gbé obì wá. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ewú orí, ó tún ń tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Mo wà níbẹ̀, mo gbé omi fún un, mo sì gba ife padà.

Nígbà tó lọ, ọmọ mi, tó wálé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, sunkún bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe gan-an. Mo ní kó lọ ká aṣọ lórí okùn.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ dá mi láre. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Alaalẹ́ ni mò ń jókòó ti ọkọ mi báyìí, tí mò ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, kí ni mo lè kọ́kọ́ sọ, tí yóò fi jẹ́ kí n sọ ìyókù?